Ẹni Tí Wọ́n Gba Kàtúùnù Lọ́wọ́ Rẹ̀: Ìtàn Ìpààrọ̀ Olùdarí àti Ìhà Tí Àwọn Olólùfẹ́ Fíìmù Kọ sí I

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń para pọ̀ ṣe, bóyá ni a lè rí èyí tí ó rọrùn láti gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó fíìmù kàtúùnù, ìyẹn fíìmù tí a fi àwòrán yíyà tàbí àwòrán orí kọ̀ǹpútà ṣe, tí a tò wọ́n tẹ̀ léra títí ojú fi ń rí wọn bí ohun abẹ̀mí tí ó ń rìn. Bí wọ́n bá lé olùdarí fíìmù olóṣèré kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn òṣèré tí ń ṣeré níwájú kámẹ́rà yóò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò sì ti di ìròyìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Olùdarí kàtúùnù, ní tirẹ̀, lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí fíìmù kan ṣoṣo, ohun tí ó sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlàjì àkókò náà kò ju àwòrán kéékèèké tí a fi pínnì kàn mọ́ pátákó, tí a wá tò pọ̀ sórí fíìmù, tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì fi ohùn ara wọn sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àkójọ yìí ni wọ́n máa ń fi han àwọn ọ̀gá ní oṣù mélòó kan síra. Àwọn ọ̀gá yóò sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, olùdarí yóò tú ìtàn náà palẹ̀, yóò sì tún un tò. Bí sùúrù àwọn ọ̀gá bá wá tán, ìdí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́ náà tí wọ́n ń gbé e fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó bá sì wo fíìmù náà ní sinimá lọ́dún kejì kò ní rí àpá kankan lára rẹ̀.

Ìwé àdéhùn ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ilé-iṣẹ́ ni ó ni ín. Ọkàn àwọn tí wọ́n fẹ́ràn kàtúùnù kò gba ìdájọ́ yẹn tán, ìtàn bí wọn kò ṣe gbà á sì gùn ju bí àwọn tí wọ́n ka olólùfẹ́ fíìmù sí aláriwo lásán ṣe rò. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju ariwo ni pé àwọn olólùfẹ́ ni wọ́n di olùtọ́jú ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ dà nù, tí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ pa orúkọ àwọn olùdarí tí a lé kúrò mọ́ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ kí a rántí wọn.

Walt Disney, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wá di àpèlé iṣẹ́ kàtúùnù káàkiri ayé, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ìyà yìí wò. Ní ọdún 1927, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ub Iwerks, ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí àrá, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàtúùnù kúkúrú nípa ehoro kan tí ń jẹ́ Oswald fún oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Charles Mintz, ilé-iṣẹ́ Universal sì ń pín wọn fún àwọn sinimá. Ehoro náà gbajúmọ̀. Nígbà tí Disney lọ sí New York ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1928 láti bèèrè àfikún owó, Mintz sọ fún un pé ṣe ni òun yóò dín owó rẹ̀ kù, àti pé òun ti bá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ayàwòrán rẹ̀ dá àdéhùn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Universal ni ó ni ehoro náà nínú ìwé. Disney kọ̀ láti gba owó tí ó dín kù, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, òun àti Iwerks sì dá eku kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Mickey Mouse, èyí tí kàtúùnù rẹ̀ olóhùn jáde ní New York ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1928. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: ní ọdún 1929 Universal gba Oswald lọ́wọ́ Mintz náà, wọ́n sì gbé e fún Walter Lantz. Ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Disney tó rí ehoro náà gbà padà, nínú pàṣípààrọ̀ kan tí wọ́n fi yọ̀ǹda sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá kan, Al Michaels, fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC.

Ehoro ni àwọn òǹwòran ọdún 1928 wá wò; bí a bá pààrọ̀ ọwọ́ tí ń yà á, kò sí ohun tí yóò mú wọn bèèrè. Ìfarasin orúkọ yìí kì í ṣe àṣìṣe, nítorí òun gan-an ni ó mú kí òwò náà rọrùn láti darí, ó sì wà lára ohun tí ó bí àwọn òṣìṣẹ́ Disney nínú nígbà tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọdún 1941. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù, wọ́n ń bèèrè pé kí a máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí ojú fíìmù, nítorí orúkọ ọ̀gá nìkan ni ó máa ń wà lórí àwọn kàtúùnù kúkúrú. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìyanṣẹ́lódì náà ni Art Babbitt, ẹni tí ó fún Goofy, ajá inú kàtúùnù Disney, ní ìrìn àti ìwà tí a mọ̀ ọ́n mọ́, tí wọ́n sì lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí a fi orúkọ Babbitt sọ́kàn, nítorí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé, a óò tún bá a pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, nídìí fíìmù tí ìtàn ìgbàṣẹ́lọ́wọ́ẹni rẹ̀ ṣe ni láàánú jù lọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀.

Fíìmù náà ni The Thief and the Cobbler, ẹni tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Richard Williams, tí a bí ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1933, tí ó sì fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùjókòó láti àárín àwọn ọdún 1950. Ní ọdún 1964 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìtàn Mulla Nasrudin, ọlọ́gbọ́n aláwàdà inú ìtàn àwọn Mùsùlùmí, tí ó ti ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé Idries Shah. Nígbà tí àárín òun àti ìdílé Shah dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó yọ Nasrudin kúrò, ó mú olè kan tí ó wà nínú ìtàn náà, ó fi aṣebàtà kan tí ń jẹ́ Tack kún un, ó sì hun ìtàn tuntun yí àwọn méjèèjì ká. Owó ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣàn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni ó fi ń bọ́ fíìmù yìí. Ó kó àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti gbàgbé jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀: Ken Harris tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Warner Bros., Grim Natwick tí ó ya Betty Boop, àti Babbitt fúnra rẹ̀, tí ó wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán níṣẹ́. Níbi tí àwọn mìíràn ti ń ya àwòrán méjìlá fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n sì ń gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì sínú kámẹ́rà, mẹ́rìnlélógún ni Williams ń fẹ́ kí a yà níbi tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà, kí ìrìn ènìyàn inú rẹ̀ lè máa ṣàn bí omi.

Ní ọdún 1988, Williams ni olùdarí àwòrán nínú Who Framed Roger Rabbit, iṣẹ́ yẹn gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un, owó tí ó ti ń wá fún ọdún mẹ́rìnlélógún sì dé. Warner Bros. gbà láti gbé fíìmù rẹ̀ jáde. Àmọ́ owó ńlá kì í wọlé láìsí onídùúró, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ pé fíìmù yóò parí ní àkókò àti ní iye tí wọ́n dá, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gba fíìmù náà lọ́wọ́ olùdarí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1992, nígbà tí fíìmù kò kù ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ó parí, Williams fi ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ han Warner. Warner fà sẹ́yìn, onídùúró gba fíìmù náà, wọ́n sì gbé e fún Fred Calvert ní Los Angeles kí ó parí rẹ̀ kíákíá. Iṣẹ́ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni kí a fi ojú ara wa wò. Nínú ẹ̀dà Williams, olè náà kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan; eṣinṣin ń yí lórí rẹ̀ níbikíbi tí ó bá rìn dé, ìṣe ọwọ́ rẹ̀ tí kò lè dákẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tack náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ rárá, ìṣó kéékèèké tí ó máa ń há sẹ́nu nídìí iṣẹ́ ni ó ń dúró fún ètè rẹ̀, tí ìtẹ̀sí ìṣó méjèèjì sì ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ó bàjẹ́. Calvert yọ ọ̀pọ̀ àwòrán kúrò, ó fi orin kún un, ẹ̀dà yẹn sì jáde ní Ọsirélíà àti South Africa ní ọdún 1993. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ Miramax tún gé e, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Arabian Knight, wọ́n sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1995, pẹ̀lú ohùn Matthew Broderick lẹ́nu Tack àti ohùn Jonathan Winters fún olè, tí ó ń rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mì rárá. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀dà Williams àti ti Miramax léra yóò rí i pé ìdákẹ́jẹ́ tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ọdún gbọọrọ ṣe lọ́jọ̀ ni àwọn tí wọ́n gbà á fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀, nítorí wọn kò gbà pé ọmọdé lè jókòó wo ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Aladdin ti Disney ti jáde láti oṣù Kọkànlá, ọdún 1992, pẹ̀lú ààfin Lárúbáwá, olè àti ìjòyè burúkú tirẹ̀, nítorí náà fíìmù tí ó ti wà láti ọdún 1964 wá jọ aláfarawé lójú àwọn tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀dà tí Williams fi han Warner kò kú. Ayàwòrán kan dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ẹlòmíràn da ìyẹn kọ, ó sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn olólùfẹ́ títí àwòrán rẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀dà iṣẹ́ ni ó jẹ́, ìyẹn fíìmù tí kò tíì parí, tí apá kan rẹ̀ ní àwọ̀ dáadáa, tí apá mìíràn jẹ́ ìlà pẹ́ńsù lásán, tí àwọn àwòrán pátákó sì ń dí àlàfo níbi tí a kò tíì ya ohunkóhun. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n rí i mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ní ọdún 2006, olólùfẹ́ kan tí ń jẹ́ Garrett Gilchrist gbé àkójọ kan jáde tí ó pè ní Recobbled Cut, ìyẹn àtúntò tí olólùfẹ́ ṣe láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí àwòrán kásẹ́ẹ̀tì bá ti ṣú, ó máa ń lọ mú àwòrán kan náà láti inú ẹ̀dà Miramax tí ó mọ́lẹ̀, yóò yọ orin àti ìrojọ́ kúrò lára rẹ̀, yóò sì dá a padà sí àyè tí Williams fi í sí. Níbi tí kò sì sí ohun tí ó dára ju ìlà pẹ́ńsù lọ, ó fi ìlà pẹ́ńsù náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn ayàwòrán tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì ń tún iṣẹ́ náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí.

Williams fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fíìmù náà fún ìgbà pípẹ́, débi pé nígbà tí Kevin Schreck ṣe fíìmù ìtàn gidi kan nípa ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2012, Persistence of Vision, kò bá a dá sí i. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2013, ó jókòó ní gbọ̀ngàn àwọn tí ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní Los Angeles, a sì fi ẹ̀dà iṣẹ́ tirẹ̀ han ọ̀pọ̀ èrò láìfi ohunkóhun kún un. Ó kú ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ìfẹ́ tí ó wà fún ẹ̀dà yẹn lọ́jọ́ náà kì bá má sí bí kò bá ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn olólùfẹ́ fi ogún ọdún tọ́jú.

Ní Disney, àwọn ọdún tí Williams ń jà fún fíìmù rẹ̀ jẹ́ ọdún tí ìpààrọ̀ olùdarí di ohun tí kò ṣàjèjì mọ́. Richard Purdum bẹ̀rẹ̀ Beauty and the Beast, Gary Trousdale àti Kirk Wise ni wọ́n parí rẹ̀. George Scribner bẹ̀rẹ̀ The Lion King, Roger Allers àti Rob Minkoff ni orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó jáde ní ọdún 1994. Àwọn fíìmù méjèèjì dùn, wọ́n sì pa owó rẹpẹtẹ, kò sí olólùfẹ́ tí ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Purdum tàbí Scribner.

Allers náà kò pẹ́ kí ó tó kàn án. Fíìmù tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn The Lion King, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kingdom of the Sun, jẹ́ ìtàn ọba ilẹ̀ àwọn Inka, olórin Sting sì gbà láti kọ orin inú rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé ìyàwó rẹ̀, Trudie Styler, yóò máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé iṣẹ́ náà. Báyìí ni kámẹ́rà fi wà nínú iyàrá nígbà tí àwọn ọ̀gá sọ pé ìtàn náà kò ta létí. Allers kúrò, Mark Dindal tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́ dúró, ìtàn náà sì di àwàdà pátápátá, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá, ọdún 2000, pẹ̀lú orúkọ The Emperor's New Groove. Styler pe fíìmù tirẹ̀ ní The Sweatbox, nítorí orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ Disney ti ń pe iyàrá kékeré tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ láti ayé Walt nìyẹn, iyàrá tí òógùn ti máa ń bo ayàwòrán bí ọ̀gá ti ń wo ohun tí ó yà. Wọ́n fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní ọdún 2002, Disney sì tì í mọ́ inú àpótí títí ó fi yọ́ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2012. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ rí níbẹ̀ le láti gbé mì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fẹ́ràn The Emperor's New Groove, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i láti kékeré. A kò lè sọ pé fíìmù tí ó jáde kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù Ratatouille, tí Brad Bird gbà lẹ́yìn olùdarí àkọ́kọ́ rẹ̀, Jan Pinkava, gba Oscar, ó sì tọ́ sí i. Dídára ẹ̀dà tí ó jáde kò sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lóyún ìtàn kò pàdánù ohunkóhun, àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n lè gbé òtítọ́ méjèèjì dání pọ̀ ni wọ́n lóye iṣẹ́ yìí jù.

Ní ìparí ọdún 2006 ni Disney gba American Dog lọ́wọ́ Chris Sanders, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n darí Lilo & Stitch. Ó di Bolt ní ọdún 2008, lábẹ́ àwọn olùdarí mìíràn. Ní àkókò yìí, ìbínú àwọn olólùfẹ́ kò fara sin mọ́, nítorí ìlà ọwọ́ Sanders jẹ́ ohun tí ojú ń dá mọ̀ láìwo orúkọ, àwọn àwòrán ajá tí ó yà fún fíìmù tí kò jáde náà sì ń lọ káàkiri títí di òní.

Ọ̀rọ̀ Brenda Chapman ni ó sọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Chapman wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n darí The Prince of Egypt ní ọdún 1998, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí fíìmù kàtúùnù gígùn fún ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà. Ní Pixar, ilé-iṣẹ́ kàtúùnù tí Disney ti rà, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọba obìnrin kan ní ilẹ̀ Scotland, Merida, tí òun àti ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé títí ìyá fi di béárì; àárín Chapman àti ọmọbìnrin tirẹ̀ ni ó ti fà á yọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ. Irun Merida, pupa, wúruwùru, tí kò gba ìyarun, jẹ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ní láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tuntun fún, kí ìṣùpọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa fò bí ọmọ náà bá ń gẹṣin. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, wọ́n gba fíìmù náà lọ́wọ́ Chapman nítorí èdèkòyédè lórí ìtàn, wọ́n sì fi Mark Andrews rọ́pò rẹ̀. Fíìmù náà jáde ní oṣù Kẹfà, ọdún 2012, pẹ̀lú orúkọ Brave, ní oṣù Kẹjọ Chapman sì kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn New York Times, níbi tí ó ti sọ bí ó ti dùn ún tó pé wọ́n gba ìtàn tí ó jẹ́ ti ọkàn òun tí wọ́n sì gbé e fún ọkùnrin.

Àwọn olólùfẹ́ wá ń wo Brave bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, wọ́n ń wá ibi tí ọwọ́ Chapman mọ àti ibi tí ti Andrews ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ asán ni, nítorí kàtúùnù kì í pín bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì, ọdún 2013, àwọn méjèèjì jọ gun orí pèpéle lọ gba Oscar fún fíìmù kan náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni Disney ń múra láti fi Merida kún àwọn ọmọba obìnrin wọn, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ tuntun jáde: ìbàdí rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn aṣọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, aṣọ náà ń dán, irun rẹ̀ ti gba ìyarun, ọrun àti ọfà rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé ẹ̀hónú tí ẹgbẹ́ A Mighty Girl bẹ̀rẹ̀ gba ìbuwọ́lù tí ó lé ní 200,000. Chapman, tí kò sí ní Pixar mọ́ nígbà yẹn, bá wọn sọ̀rọ̀ tako àwòrán náà, àwọn olùbuwọ́lù sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ. Nínú ìwé, kò ní agbára kankan lórí Merida, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti rí láti ọdún 2010. Síbẹ̀ òun ni àwọn òǹwòran yíjú sí nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ bí ọmọ náà ṣe yẹ kí ó rí.

Ibì kan wà tí ìbínú olólùfẹ́ ti máa ń ṣìnà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ni ẹ̀gún ọ̀rọ̀ sábà máa ń gún, nígbà tí àwọn tí wọ́n pàṣẹ wà nínú ọ́fíìsì wọn láìsí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Wọ́n bú Fred Calvert fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ onídùúró ni ó rán an níṣẹ́, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni a sì ń bẹ̀rù. Mark Andrews kò jí Brave gbé. Òṣìṣẹ́ ilé kan náà ni, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ nígbà tí kò ju ogún oṣù lọ kí ó wọ sinimá. Bí a bá ka gbogbo ìtàn yìí láti ayé Mintz wá, a óò rí i pé ẹni tí ó gbà á lónìí lè jẹ́ ẹni tí a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ní Jàpáàn, ọ̀nà tí àwọn olólùfẹ́ gbà yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ghibli kéde Mamoru Hosoda gẹ́gẹ́ bí olùdarí Howl's Moving Castle ní ọdún 2001. Ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Hayao Miyazaki sì ni ó darí èyí tí ó jáde ní ọdún 2004. Ṣáájú èyí, Sunao Katabuchi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí ó darí Kiki's Delivery Service, fíìmù ọdún 1989 nípa ọ̀dọ́mọbìnrin àjẹ́ kan tí ń fi ìgbálẹ̀ fò gbé ẹrù kiri, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé owó sílẹ̀ kò fẹ́ orúkọ mìíràn ju ti Miyazaki lọ, Katabuchi sì di igbákejì nídìí iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tún dìde. Nígbà tí ó fẹ́ sọ ìwé àwòrán Fumiyo Kouno, In This Corner of the World, di fíìmù, ìyẹn ìtàn ìyàwó ilé kan tí ń jẹ́ Suzu, ọmọ Hiroshima tí wọ́n fẹ́ sí ìlú Kure nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó tètè náwó sí i. Ní ọdún 2015, àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n lé ní 3,000 dá owó jọ fún un, iye tí wọ́n dá sì lé ní 30 mílíọ̀nù yen. Sinimá 63 péré ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2016. Ó tàn káàkiri láti ibẹ̀, kò sì kúrò nílé sinimá fún ohun tí ó lé ní 1,000 ọjọ́, títí Katabuchi fi gbé ẹ̀dà rẹ̀ tí ó gùn sí i jáde ní oṣù Kejìlá, ọdún 2019.

Nígbà tí fíìmù náà bá parí, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti kọjá lọ, orúkọ àwọn tí wọ́n dá owó ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, wọ́n sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè kà wọ́n tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn àwòrán kéékèèké ti ń sọ apá kan ìtàn náà tí kò sí ààyè fún tẹ́lẹ̀, ìtàn obìnrin kan tí ń jẹ́ Rin, ní ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni fi atíkè ètè yà á. Lẹ́yìn orúkọ tí ó kẹ́yìn, ọwọ́ kan yọ láti ìsàlẹ̀ ojú fíìmù, ó juwọ́ sí àwọn òǹwòran.